Òjò Kọ́ ni Ọ̀tá Ọmọ: Ìtọ́jú Ọmọ Wẹ́wẹ́ ní Àkókò Òtútù

Àwọn àgbà ní eji ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá rí ni eji ń pa. Láti oṣù Igbe títí di oṣù Ọ̀wàrà ni òjò máa ń rọ̀ ní ilẹ̀ wa, àfi ìsinmi díẹ̀ tó máa ń ní nínú oṣù Ògún. Bí ojú ọjọ́ bá ti ṣú báyìí, ìbéèrè kan náà ni mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ìyá: "Ṣé ó yẹ kí n gbé ọmọ jáde?" Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí, nítorí ohun kan tí mo fi ojú ara mi rí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Agẹmọ, mo wà lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn. Òjò ti ń rọ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta, kò dá. Obìnrin kan wọlé, aṣọ rẹ̀ tutù rinrin, ó pọn ọmọkùnrin olóṣù mẹ́jọ kan. Ọmọ náà wọ súwẹ́tà méjì, fìlà onírun wà lórí rẹ̀, wọ́n sì tún fi aṣọ tó nípọn wé e. Mo ní kí ó sọ ọmọ kalẹ̀. Nígbà tí mo tú aṣọ ara rẹ̀, mo rí i pé bí ó bá ti ń mí, abẹ́ ìhà rẹ̀ ń jìn wọnú, ihò imú rẹ̀ sì ń fẹ̀. Mo wo aago ọwọ́ mi, mo ka èémí rẹ̀. Ó jẹ́ 68 láàrin ìṣẹ́jú kan.

Mo bi í pé, "Ìyá ọmọ, láti ìgbà wo ni?"

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ó di ọjọ́ mẹ́ta lónìí. Mo fẹ́ gbé e wá lánàá, ṣùgbọ́n ìyá ọkọ mi ní kí n má gbé e sínú òjò, wọ́n ní òtútù àyà ni yóò mú un. A ti ilẹ̀kùn, a ti fèrèsé, a sì gbé iná èédú sínú yàrá kí ara rẹ̀ lè móoru."

N kò bá a wí. Ìfẹ́ ọmọ ló mú un ṣe bẹ́ẹ̀, ìyá ọkọ rẹ̀ náà kò sì fẹ́ ibi fún ọmọ ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n òtútù àyà tí wọ́n ń sá fún níta ti wà lára ọmọ nínú ilé láti ọjọ́ mẹ́ta. A fún ọmọ náà ní afẹ́fẹ́ ọ́síjìn, a fún un ní abẹ́rẹ́. Ilẹ̀ mọ́ kí ó tó lè mu ọmú. Ó yè, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n òjò yẹn tún rọ̀ fún ọjọ́ méjì gbáko lẹ́yìn náà. Bí wọ́n bá dúró dè é kí ó dá, n kò rò pé a ó rí ọmọ náà gbà là.

ORÚKỌ ÀRÙN NÁÀ Ń TÀN WÁ

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tó ń fa òtútù àyà. Orúkọ tí a sọ ọ́ ló ń ṣì wá lọ́nà. Nítorí pé a ń pè é ní òtútù àyà, a rò pé òtútù ojú ọjọ́ ló wọ àyà ọmọ lọ jókòó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn kòkòrò tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí ló ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, tí wọ́n ń mú kí omi àti ọyún kún ibi tí ó yẹ kí afẹ́fẹ́ wà. Bákan náà ni ọ̀fìnkìn: oríṣi kòkòrò tó ń fà á lé ní 200. Láti ara ènìyàn sí ara ènìyàn ni wọ́n ń lọ, nípa ikọ́, nípa sísín, àti nípa ọwọ́ tí a fi nu imú tí a kò fọ̀ kí a tó gbé ọmọ. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ń bọ́ láti ojú sánmà pẹ̀lú òjò.

Ẹ óò wá bi mí pé, èé ṣe tí ikọ́ àti ọ̀fìnkìn fi ń pọ̀ nígbà òjò? Òwe wa ti dáhùn: òjò tó rọ̀ ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìẹ. Nígbà tí òjò bá ń rọ̀, gbogbo wa á sá wọlé. Ènìyàn mẹ́fà, méje á wà nínú yàrá kan, a ó ti fèrèsé pa, ẹ̀gbọ́n tó kó ikọ́ bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ á máa wú u sójú àbúrò. Èémí kan náà ni gbogbo wa ń mí sínú tí a ń mí síta. Ibẹ̀ ni kòkòrò ti ń rí ọ̀nà. Nítorí náà, ọmọ tí a tì mọ́ inú yàrá tí afẹ́fẹ́ kò wọ̀, nítorí kí òtútù má baà mú un, lè wà nínú ewu ju èyí tí a wọ aṣọ fún dáadáa tí a gbé jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ lọ.

N kò sọ pé òtútù kò lè ṣe ọmọ ní nǹkan kan. Imú tí ó tutù kì í lè bá kòkòrò jà bí imú tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ju èyí lọ, ara ọmọ tuntun kò lè pa ooru mọ́ bíi ti àgbà. Ara rẹ̀ kéré, orí rẹ̀ tóbi bí a bá fi wé ìyókù ara rẹ̀, ó sì ṣòro fún un láti gbọ̀n kí ara rẹ̀ lè móoru. Ọmọ ọjọ́ mẹ́rin tí a fi sílẹ̀ nínú aṣọ tútù lè tutù dé ibi tí kò ní lè mu ọmú mọ́. Iyán àgbà nínú ọ̀rọ̀ yìí kò ṣe é kó dànù: ohun tí wọ́n ń wí nípa aṣọ tútù lára ọmọ, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ara rẹ̀ gbẹ, tí a wọ aṣọ tó tó fún, kò sí ohun tí atẹ́gùn tútù nìkan yóò fi ṣe. Ní ilẹ̀ Norway, Sweden àti Finland, níbi tí omi ti ń dì bí òkúta nígbà òtútù, àwọn ìyá máa ń tẹ́ ọmọ wọn sínú kẹ̀kẹ́ ọmọ kí wọ́n sùn níta ní ọ̀sán, nínú aṣọ tó móoru tó sì gbẹ. Òtútù ti Èkó àti Ìbàdàn kò tó èyí rárá.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú ni èyí: òjò kọ́ ni ọ̀tá. Ọ̀tá mẹ́ta ló wà: aṣọ tútù tí a fi sílẹ̀ lára ọmọ, yàrá tí èéfín tàbí èémí ẹlòmíràn kún, àti ìjáfara nígbà tí ọmọ bá ń ṣàìsàn.

NÍGBÀ TÍ Ẹ BÁ Ń GBÉ ỌMỌ JÁDE

Ìyá tí ń ṣiṣẹ́ kò lè sọ pé òun kò ní jáde láti oṣù Igbe títí di Ọ̀wàrà. Ọjà wà, ibi iṣẹ́ wà, ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára náà wà. Bí ó bá pọn dandan kí ẹ jáde, ẹ fi àwọn nǹkan wọ̀nyí sọ́kàn.

Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì tí a wọ̀ lé ara wọn sàn ju ẹyọ kan tó nípọn lọ. Bí ìyá bá wọ aṣọ kan, kí ọmọ ọwọ́ wọ méjì; èyí tó. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá òtútù ń mú ọmọ, ẹ má fi ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe òṣùwọ̀n, nítorí ọwọ́ ọmọ máa ń tutù láìsí nǹkan. Ẹ fi ọwọ́ kan àyà rẹ̀ tàbí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Bí ibẹ̀ bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó dára. Bí ibẹ̀ bá ń làágùn, aṣọ ti pọ̀ jù. Òógùn yẹn ni yóò sọ aṣọ di tútù lára rẹ̀.

Nípa agboòrùn, mo rí ohun kan nígbà gbogbo ní ibùdókọ̀. Ìyá á pọn ọmọ, á ṣí agboòrùn sí orí ara rẹ̀ níwájú, orí rẹ̀ á gbẹ, ṣùgbọ́n gbogbo omi tó ń ṣàn láti ẹ̀yìn agboòrùn á máa kán sí ọmọ lẹ́yìn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí ẹ bá rí ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ bá a sọ ọ́ ní pẹ̀lẹ́. Kí ìyá na agboòrùn sẹ́yìn, tàbí kí ó gbé ọmọ sí àyà. Ẹ má ṣe fi ọ̀rá nylon bo orí àti ojú ọmọ láé. Ọ̀rá kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kọjá, ìṣẹ́jú díẹ̀ sì tó kí ó sé ọmọ léèémí. Bí ẹ bá gun ọ̀kadà, ẹ má ṣí agboòrùn lórí rẹ̀. Afẹ́fẹ́ lè fi í gbé yín ṣubú tọmọtọmọ.

Ẹ máa fi aṣọ gbígbẹ kan sínú ọ̀rá nínú báàgì yín. Bí òjò bá pa ọmọ, ẹ bọ́ aṣọ náà kíá, ẹ nu orí rẹ̀ ṣáájú, ẹ nu ara rẹ̀ gbẹ, kí ẹ sì wọ èyí tó gbẹ fún un. Bí ọmọ bá kéré gan-an, ẹ gbé e sí àyà yín ní ìhòòhò, ara kan ara, kí ẹ sì fi aṣọ bo ẹ̀yin méjèèjì. Kò sí iná tó mú ọmọ móoru tó ara ìyá rẹ̀. Ọ̀nà yìí ni àwọn dókítà ní Bogotá, ní ilẹ̀ Kòlóḿbíà, bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní ọdún 1978 fún àwọn ọmọ tí a bí kí oṣù wọn tó pé, ó sì ti tàn ká gbogbo ayé.

Nípa àwọn ọmọ tó ti tó ọdún márùn-ún sókè, bí wọ́n bá ń ṣeré nínú òjò fún ìgbà díẹ̀, ẹ má tìtorí èyí nà wọ́n. Eré kò pa ọmọ. Ohun tí ẹ óò kìlọ̀ fún wọn ni àrá àti àgbàrá. Bí ẹ bá ti gbọ́ ààrá, kí wọ́n wọlé, kí wọ́n má sì jáde títí ìṣẹ́jú 30 yóò fi kọjá lẹ́yìn èyí tó sán kẹ́yìn. Kí wọ́n má sá sí abẹ́ igi. Kí wọ́n má wọ inú àgbàrá, nítorí omi a máa bo ojú gọ́tà tí ẹnikẹ́ni kò fi ní mọ ibi tó wà. Àwa tí a mọ Ìbàdàn kò gbàgbé ọjọ́ 31 oṣù Ògún, ọdún 1980, nígbà tí odò Ògùnpa kún àkúnya tó sì gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Omi àgbàrá tún ń ko ẹ̀gbin ilé ìyàgbẹ́. Nígbà òjò ni àrùn onígbáméjì máa ń jà, bí ó ti jà ní Èkó ní oṣù Okúdù ọdún 2024. Kí ọmọ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ nígbà tó bá wọlé.

NÍNÚ ILÉ

Ẹ má gbé iná èédú sínú yàrá tí a tì, bí ó ti wù kí òtútù pọ̀ tó. Èédú a máa tú afẹ́fẹ́ olóró kan jáde tí kò ní òórùn, tí kò ní àwọ̀, tó ń pa àgbà àti ọmọdé lójú oorun. Ẹ̀rọ amúnáwá tí a gbé sẹ́bàá fèrèsé nítorí kí òjò má baà pa á ń ṣe bákan náà. Èéfín tí a rí pẹ̀lú kò sàn: ó ń ba ẹ̀dọ̀fóró ọmọ jẹ́, ó sì ń ṣí ọ̀nà fún òtútù àyà. Ẹ ṣí fèrèsé kan díẹ̀, pàápàá níbi tí òjò kò ti ń fẹ́ wọlé, kí ẹ sì gbé ọmọ sùn sábẹ́ àpò ẹ̀fọn, nítorí ẹ̀fọn ń bí sí i nínú omi òjò tó dúró.

Nǹkan mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ ìyá kò mọ̀. Nígbà òjò ni a máa ń kó súwẹ́tà àti aṣọ onírun jáde láti inú àpótí, àwọn tí a ti fi hóró funfun roboto olóòórùn líle tí a ń pè ní káńfọ̀ sáàrin wọn kí kòkòrò má jẹ wọ́n. Àwọn ọmọ kan wà láàrin wa, tí wọn kò kéré níye, tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò lè fara da káńfọ̀ yìí láti inú ìbí wọn wá. Bí wọ́n bá wọ irú aṣọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ara wọn á máa bàjẹ́, ojú wọn á pọ́n bí àwọ̀ ìyeyè, ó sì lè ba ọpọlọ ọmọ tuntun jẹ́ títí ayé. Ẹ má ṣe fi káńfọ̀ sáàrin aṣọ ọmọ rárá.

Bákan náà, ẹ má fi róòbù tàbí àbóníkí sí ihò imú ọmọ ọwọ́. Ó lè mú èémí rẹ̀ sé. Bí imú rẹ̀ bá dí, ẹ po iyọ̀ díẹ̀díẹ̀ sínú omi tí a ti sè tó ti tutù, ẹ kán an sí i ní ẹ̀kán kan tàbí méjì, kí ẹ sì nu ún. Ọmú ìyá nìkan fún oṣù mẹ́fà, àti abẹ́rẹ́ àjẹsára, ni odi tó dára jù. Láti oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2014 ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọmọ ní abẹ́rẹ́ tó ń gbógun ti ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn kòkòrò òtútù àyà ní Nàìjíríà. Ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10 àti ọ̀sẹ̀ 14 ni a ń gbà á, lọ́fẹ̀ẹ́, ní ilé ìtọ́jú ìlera ti ìjọba. Ẹ má jẹ́ kí òjò mú yín pa ọjọ́ náà jẹ.

BÍ A ṢE Ń KA ÈÉMÍ ỌMỌ

Èyí ni ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ gé kúrò nínú ìwé ìròyìn yìí, kí ẹ sì lẹ̀ mọ́ ara ògiri. Ní ọdún 2019 nìkan, òtútù àyà pa àwọn ọmọ tí kò tó ọdún márùn-ún tó lé ní 700,000 káàkiri àgbáyé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a bá rí gbà là bí a bá tètè mọ̀.

Ẹ dúró kí ọmọ dákẹ́ ẹkún, kí ó má sì máa mu ọmú lọ́wọ́. Ẹ ká aṣọ rẹ̀ sókè kí ẹ lè rí àyà àti ikùn rẹ̀. Ẹ wo aago tàbí fóònù yín. Bí ikùn bá gòkè tó sì sọ̀kalẹ̀, ìyẹn jẹ́ ọ̀kan. Ẹ kà á fún odindi ìṣẹ́jú kan. Ẹ má kà á dé ààbọ̀ kí ẹ sì sọ ọ́ di méjì. Bí iye náà bá pọ̀, ẹ tún un kà.

Ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì: bí ó bá tó 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ewu ni.

Ọmọ oṣù méjì títí di ìgbà tó kù díẹ̀ kó pé ọdún kan: bí ó bá tó 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ewu ni.

Ọmọ ọdún kan títí di ìgbà tó kù díẹ̀ kó pé ọdún márùn-ún: bí ó bá tó 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ewu ni.

Àwọn àmì mìíràn tí kò ní kí a dúró: bí abẹ́ ìhà ọmọ bá ń jìn wọnú nígbà tó bá ń mí, bí ó bá ń kérora pẹ̀lú èémí kọ̀ọ̀kan, bí kò bá lè mu ọmú tàbí omi, bí ó bá ń bì gbogbo ohun tó jẹ, bí gìrì bá mú un, bí ó bá ń sùn tí kò ṣe é jí, bí ahọ́n tàbí inú ẹnu rẹ̀ bá dúdú bí aró. Fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì, ara gbígbóná nìkan, tàbí ara tó tutù jù, tó láti gbé e lọ.

Ọmọ tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ẹ má ṣe rọ ọ́ ní àgbo, ẹ má sì da òróró sí i lẹ́nu. Ẹni tí èémí rẹ̀ kò rọlẹ̀ kò lè gbé nǹkan mì dáadáa. Ohun tí ẹ rọ sí i lẹ́nu lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Bí ara rẹ̀ bá sì ń gbóná, ẹ má tún fi aṣọ onírun dì í. Ẹ dín aṣọ rẹ̀ kù. Ní ti ọ̀fìnkìn lásán, tí ọmọ ń ṣeré tó sì ń jẹun, kò nílò oògùn apakòkòrò tí a rà lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri. Yóò lọ fúnra rẹ̀ ní bí ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá.

BÍ ÒJÒ TILẸ̀ Ń RỌ̀

Mo padà sí ọ̀rọ̀ ìyá ọlọ́mọ oṣù mẹ́jọ yẹn. Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú àwọn àmì tí mo kà sílẹ̀, ẹ má wo ojú sánmà mọ́. Ì báà jẹ́ òru, kí òjò máa rọ̀, ẹ gbé ọmọ náà. Ẹ wọ aṣọ gbígbẹ fún un, ẹ gbé e sí àyà sínú aṣọ yín, kí imú àti ẹnu rẹ̀ wà ní gbangba, ẹ ṣí agboòrùn, ẹ pe aládùúgbò tó ní ọkọ̀ tàbí oníkẹ̀kẹ́ Márúwá. Ẹ fi káàdì rẹ̀ àti aṣọ pààrọ̀ sínú ọ̀rá. Bí òjò bá tilẹ̀ pa á lójú ọ̀nà, aṣọ ni a ó pààrọ̀ fún un ní ilé ìwòsàn. Wákàtí tó ti lọ kò ṣe é pààrọ̀.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ fi owó ọkọ̀ pamọ́ fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, kí ìyá ọmọ má baà máa wá yín kiri lóru. Ẹ̀yin ìyá àgbà, mo fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ yín: nígbà tí ìyàwó ọmọ yín bá ní èémí ọmọ ń yá jù, ẹ má sọ pé kí ó dúró kí òjò dá. Ẹ bá a mú agboòrùn.

Ìjáfara léwu. Kí Ọlọ́run dá àwọn ọmọ wa sí. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.